A Kì Í Dé Kòtò Ilé Ìlọ̀rí

Ẹni tó bá wọ agbo-ilé Ìlọ̀rí ní abúlé Ìdí-Oṣè, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún un kì í ṣe ẹ káàbọ̀. "Ẹ wo ẹsẹ̀ yín o!" ni wọ́n máa fi pàdé rẹ̀. Kòtò kan ló wà láàárín àgbàlá wọn tó lanu sílẹ̀ gbàgà, kò ní ọmọrí, kò ní ọgbà. Kòtò omi òjò ni. Lórí ilẹ̀ Kétu níbí, omi jìnnà sínú ilẹ̀, gbogbo ilé ló gbẹ́ irú rẹ̀ láyé àtijọ́, gbogbo ilé ló sì dé tiwọn. Ilé Ìlọ̀rí nìkan ni kò dé e. Ewúrẹ́ ti já sínú rẹ̀. Ti adìyẹ kò ní òǹkà. Lọ́dún tí wọ́n fa omi ẹ̀rọ wọ abúlé, ọmọ kan já sí i, apá rẹ̀ kán. Síbẹ̀ wọn ò dé e. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní, "Ìlọ̀rí ló ní ká má dé e, a kì í sì í dé e." Èwo lẹ tún fẹ́ bi wọ́n lẹ́yìn ìyẹn? Àwọn aládùúgbò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Léontine, tí gbogbo abúlé ń pè ní Ìyá Géraud, ni àgbà obìnrin ilé náà lónìí. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni. Ó ta gàrí ní ọjà Bohicon fún ogún ọdún gbáko, ó gbọ́ èdè Fọ̀n bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, ó sì lẹ́nu, kò sí ẹni tó ń rẹ́ ẹ jẹ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rin ni bàbá wọn máa ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò yẹn lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé. Bí wọ́n bá kó o tán, wọn ò ní jáde. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tutù, oòrùn ò sì rí wọn. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà, wọ́n á máa ta ayò, bàbá wọn á máa pariwo lókè pé ṣé wọ́n ti sùn ni. Bó bá rántí rẹ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ìpè ni kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín ní Ìdí-Oṣè. Ó ti tó ogóje ọdún báyìí tí ogun Dàhòmì já lu abúlé náà. Wọn ò ránṣẹ́, wọn ò pariwo. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọkùnrin tó pọ̀ jù ti lọ dọdẹ lọ́nà jíjìn. Ẹnu ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n gbà wọlé, nígbà tí oòrùn sì fi máa yọ tán, wọ́n ti kó èèyàn mọ́kànlélógójì lọ.

Àwọn tó ṣẹ́kù ò ní ìwé tí wọ́n máa kọ ọjọ́ sí. Igi oṣè ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti wọ́wé tán pátápátá láàárọ̀ ọjọ́ tí ogun dé. Títí dòní, bí igi yẹn bá ti wọ́wé tán, ọjọ́ kejì ọjà tó bá tẹ̀ lé e ni Ọjọ́ Ìpè. Gbogbo abúlé á kó jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ilé kọ̀ọ̀kan á gbé àpótí ìjókòó ẹni tirẹ̀ tí ogun kó wá, àpótí tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé lọ́dún yípo. Wọ́n á kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀. Bí kò bá sí ìdáhùn, wọ́n á ní, "Kò tíì dé," wọ́n á gbé àpótí padà sílé. Bí ẹnìkan bá dáhùn ńkọ́? Àṣà ti là á sílẹ̀: ẹni náà á sọ ọ̀rọ̀ tí ẹni ogun kó sọ gbẹ̀yìn lójú ilẹ̀ yìí, á jókòó lórí àpótí, wọn ò sì ní pe orúkọ yẹn mọ́ láé. Láti ogóje ọdún, ẹnikẹ́ni ò dáhùn rí. Àwọn igbó ló máa dáhùn ni?

Ẹni tí ilé Ìlọ̀rí ń pè ni Àìná, ọmọbìnrin tí kò ju ọdún méjìlá lọ. Bí wọ́n ṣe ń pa ìtàn rẹ̀ nìyí. Ìlọ̀rí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sọ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sínú kòtò omi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ, ó dé wọn mọ́lẹ̀, ó da eérú lé ọmọrí. Lẹ́yìn náà ló sáré jáde lọ gba àbúrò rẹ̀. Ó di ọmọ náà mú, ó ń bá ológun mẹ́ta jà, títí àdá fi gé ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ já, tí ọmọ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ló sọ pé kí wọ́n má tún dé kòtò náà mọ́. "Ọmọ Ìlọ̀rí, ọmọ a-fi-ìka-gba-àbúrò," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kì wọ́n di bí a ti ń wí yìí. Gbogbo ẹni tó mọ Ìlọ̀rí láyé ló rí i pé ìka kan ò sí. Ta ló máa bá ìka tí kò sí jiyàn?

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ náà ti wá ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Crépin, ọmọ àbúrò Léontine, ń ṣiṣẹ́ ní mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní Kétu. Ó sáré sókè sódò títí wọ́n fi gbà pé kí wọ́n gbé ère Ìlọ̀rí sí ẹnu ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn: ọkùnrin kan tó na ọwọ́ oníka mẹ́rin sókè. Ère ti dúró, wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó, Ọjọ́ Ìpè gan-an ni wọ́n máa ṣí i. Crépin tún lọ sórí rédíò, ó ka orúkọ mọ́kànlélógójì náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ lórí wọ́sáàpù, ẹlòmíràn náà fi ránṣẹ́, títí ó fi dé etí ìyá arúgbó kan lẹ́bàá Bohicon tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Orúkọ méjì péré ló gbọ́ níbẹ̀: Àìná, Ìdí-Oṣè. Ìyá náà bú sẹ́kún. Àwọn orúkọ tí ìyá ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tó gbé ohùn náà wá ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Ìpè yòókù fún un.

Ìyá ò lè rìn mọ́, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó rán ọmọ rẹ̀ obìnrin, Prudence, aránṣọ, pé, "Lọ bá mi dáhùn. Wọ́n ti pè é tó."

Bí Prudence ṣe dé nìyẹn ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Ọjọ́ Ìpè, lẹ́yìn zẹ́mì kan, ọ̀kadà akérò, tí eruku pupa bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgbọ̀n ọdún. "Wo ẹsẹ̀ rẹ o!" ni Léontine fi kí i, lédè Fọ̀n, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Bí àlejò ti sọ ẹni tó rán òun wá, Léontine dì mọ́ ọn, ó wo ojú rẹ̀, ó wo etí rẹ̀, ó ní, "Etí ilé wa rè é! Ẹ wá wo etí ilé wa!" Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń bínú sí omijé náà pé kò jẹ́ kí òun rí àlejò òun dáadáa.

Wọ́n jẹun tán. Prudence ń fi ìdùnnú sọ̀rọ̀. Ó ní nílé tàwọn, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ akíkanjú obìnrin, Àìná ni wọ́n ń dárúkọ.

"Ẹ mọ̀ pé ó bá wọn jà?" ló wí. "Wọ́n ní nígbà tí wọ́n mú un, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ó ti gé ẹnìkan jẹ. A máa ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin wa pé bí ẹnìkan bá fọwọ́ kàn yín lọ́nà tí kò tọ́, ẹ ṣe bí Àìná."

"Ó ṣeun, ọmọ wa," ni Léontine wí, ó pàtẹ́wọ́. Kò ro nǹkan kan.

Òùngbẹ ń gbẹ Prudence. Ó dìde, ó lọ sídìí àmù tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó bu omi mu. Lẹ́yìn náà ó fi ọmọrí dé àmù. Ó fi ìka kan ọmọrí náà lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, ó sì wí jẹ́jẹ́, lédè Yorùbá tó ti dàgbà jù ú lọ, tí ahọ́n Fọ̀n ti lọ́ díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n mi, àyè ṣì kù."

Léontine gbọ́ ọ. 

"Kí lo sọ?"

"Háà, Tánti, ẹ má bínú. Ó ti mọ́ mi lára ni." Prudence ń rẹ́rìn-ín. "Gbogbo obìnrin ilé wa ló ń sọ ọ́ bí a bá ń dé omi. Ọ̀rọ̀ tí Àìná sọ gbẹ̀yìn nílùú rẹ̀ nìyẹn. Òun ló ní kí ọmọ òun máa sọ ọ́ bó bá ti ń dé omi, kó má bàa gbàgbé. Ọmọ rẹ̀ kọ́ ọmọ tirẹ̀, títí ó fi kan èmi. Òun ni mo máa sọ lọ́la. Àmọ́ kò sí ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́ nínú wa. Láti kékeré ni mo ti ń wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi." Ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, bí ọmọ lékọ̀lù tó ń dúró de olùkọ́. "Kí ló túmọ̀ sí, Tánti?"

Ẹ̀yin náà ẹ gbé ara yín sí ipò rẹ̀. Omi tí wọ́n ń dé. Kòtò omi tí a kì í dé. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lẹ́nu ọmọ. Ìka tí kò sí. Léontine kò wá wọn kiri, àwọn fúnra wọn ló to ara wọn síwájú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Kò sí àdá kankan níbi tí ìka Ìlọ̀rí ti já. Ìlọ̀rí wà nínú kòtò pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Àìná ló dé gbẹ̀yìn, ó di etí kòtò mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé àyè ṣì kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́ sókè, ó tì í sẹ́yìn, ọmọ sì gbá ìka tó tì í mú, ó fi eyín gé e. Wọ́n dé ọmọrí.

Léontine lẹ́nu, a ti sọ ọ́. Ẹnu yẹn ló gbà á lọ́jọ́ náà.

"Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀gbọ́n òun jà fún òun," ló wí. Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Irọ́ kan kì í sì í lè dá dúró, ó ní láti pe èkejì mọ́ra. "Ọjọ́ ti pẹ́, ahọ́n ti yí i po. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé: Ẹ̀gbọ́n mi jà fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni kó o sọ ọ́ lọ́la, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ yé."

"Ẹ̀gbọ́n mi jà fún mi," ni Prudence tún un sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi jà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi jà fún mi." Ó ń kọ́ ọ sórí. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ìyá mi máa yọ̀ o! Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ pé ohùn ọ̀rọ̀ yẹn ń ba òun nínú jẹ́. Mẹ̀sí, Tánti. Ọlọ́run á san án fún yín."

Ọlọ́run á san án! Ojú ti Léontine débi pé ó dìde, ó ní òun ń lọ wo adìyẹ òun. Adìyẹ wo? Ó lọ dúró létí kòtò, ó ń wo inú rẹ̀. Ewé gbígbẹ ló kún ìsàlẹ̀. Bàbá rẹ̀ mọ̀, ló ń rò. Ó ní láti jẹ́ pé ó mọ̀. Bí wọ́n bá ti bi í nípa ọmọrí, ó máa ń yí ojú sápá kan, ó máa ń ní kí wọ́n lọ wá nǹkan ṣe.

Nígbà tí Crépin dé láti Kétu ní ìrọ̀lẹ́ láti wá wo bí wọ́n ṣe ń to àga, Léontine fà á lọ sẹ́yìn ilé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Crépin gbọ́ ọ títí dé ìparí. Ó fọwọ́ nu ojú.

"Ta ló tún gbọ́ ọ yàtọ̀ sí ẹ̀yin?"

"Kò sí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀."

"Crépin!"

"Tánti, ẹ fọkàn balẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ mi. Àwọn tó ṣe é ti kú, ẹni tí wọ́n ṣe é sí ti kú. Ère ti dúró. Àwọn aláṣẹ ń bọ̀ lọ́la, àwọn ọmọ wa láti Kútọnu ń bọ̀. Ta la fẹ́ jẹ níyà?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ ọwọ́ tó wà nínú kòtò yẹn, ta ni?"

"Bàbá bàbá mi ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Bí ọmọ yẹn bá sunkún, tí wọ́n gbọ́ ọ, tí wọ́n mú un, ta ló máa bí bàbá yín? Ta ló máa bí yín? Ta ló máa bí èmi tí mo dúró yìí? Ohun tí Ìlọ̀rí ṣe, òun la fi wà láyé. Kì í ṣe ìkà. Kòtò ò gbà wọ́n ni. Èmi náà ti wò ó, kòtò ọ̀hún kéré."

Kétu ni wọ́n bí Crépin sí, ibẹ̀ ló gbé kàwé. Láti òkè nìkan ló ti wo kòtò yẹn rí. 

"Ẹ ò kúkú purọ́ fún un tán yìí?" ni Crépin wí. "Ẹ jẹ́ kó dùn mọ́ ọn. Ohun tó dára lẹ fún un."

Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n fi sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èké tí Léontine tà lọ́jọ́ náà, Prudence fi ayọ̀ rà á, ó ń kọ ọ́ lórin nínú ilé bó ṣe ń tẹ́ aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ilẹ̀ mọ́. Igi oṣè dúró lẹ́nu ọ̀nà láìní ewé kan lára, àwọn èèyàn sì kún abẹ́ rẹ̀. Ère wà lápá kan nínú aṣọ funfun rẹ̀. Bàbá Barnabé, àgbà abúlé, tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ló jókòó síwájú. Ilé tirẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pè. Ó pe ẹni tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ìdáhùn. "Kò tíì dé," ló wí, bó ṣe ń wí i láti ìgbà èwe rẹ̀. Àwọn ilé mìíràn tẹ̀ lé e. Kò tíì dé. Kò tíì dé.

Ó kan ilé Ìlọ̀rí. Léontine gbé àpótí kékeré náà sílẹ̀, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn.

"Àìná o! Àìná o! Àìná o!"

"Èmi rè é!" ni ohùn kan dáhùn.

Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́? Ìdí-Oṣè dàrú! Àwọn obìnrin figbe ayọ̀ ta. Àwọn arúgbó ń di ara wọn mú. Bàbá Barnabé dìde láìlo ọ̀pá, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ní, "Ó ṣeé ṣe! Háà, ó ṣeé ṣe! Èyí túmọ̀ sí pé tiwa náà lè dé!" Ó pẹ́ kí wọ́n tó lè mú ariwo náà wálẹ̀.

"Ọmọ wa," ni bàbá náà wí, "ọ̀rọ̀ wo ló sọ gbẹ̀yìn kó tó lọ?"

Crépin túmọ̀ ìbéèrè náà fún un. Prudence wo ojú Léontine, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi jà fún mi!"

Ariwo tún sọ. Wọ́n ń ki ilé Ìlọ̀rí, ọmọ a-fi-ìka-gba-àbúrò. Crépin ti fọwọ́ kan aṣọ ara ère, ó ń dúró de kí àlejò jókòó kó tó fà á. Prudence na ọwọ́ sí Léontine kó lè ràn án lọ́wọ́ jókòó, nítorí àpótí náà kúrú, ìró tó ró sì fún un lẹ́sẹ̀.

Léontine gba ọwọ́ náà. Ìka máràárùn-ún ló dì í mú le, pẹ̀lú ìgbẹ́kẹ̀lé, ọwọ́ gbígbẹ ti aránṣọ. Ó rí i pé òun dúró lókè, obìnrin náà ń lọ sísàlẹ̀, ó sì di òun mú. Ẹ̀rù bà á. Ohun tí Ìlọ̀rí ṣe, ìbẹ̀rù ló mú un ṣe é, ogun wà lẹ́nu ọ̀nà. Ogun wo ló wà lẹ́nu ọ̀nà tèmi? Ohun tó bi ara rẹ̀ nìyẹn.

"Dìde," ló wí lédè Fọ̀n. "Má tíì jókòó."

Ó fà á dìde. Ó kọjú sí àwọn èèyàn.

"Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Irọ́ ni. Kì í ṣe òun ló purọ́ o, èmi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ohun tó sọ yẹn lánàá, kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń sọ."

"Tánti!" ni Crépin pariwo.

"Fi mí sílẹ̀. Ìlọ̀rí ò bá ẹnikẹ́ni jà. Inú kòtò ló wà. Ọmọ yìí bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun wọlé, ó tì í jáde. Ìka rẹ̀ tí ẹ fi ń kì wá, eyín Àìná ló gé e. Ìdí tí a kì í fi í dé kòtò nìyẹn. Ojú ló tì í títí ó fi kú, ó sì fi ìtìjú náà lé wa lọ́wọ́ láìsọ orúkọ rẹ̀ fún wa."

 Ọmọ kan ń sunkún lápá ẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́. Bàbá Barnabé rọra jókòó padà.

Léontine yí sí Prudence, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ lédè Fọ̀n, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ àmù náà fún un, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi. Àyè. Ṣì kù.

Prudence gbọ́ ọ tán. 

"Kí lẹ wá ní kí n sọ lẹ́ẹ̀kan?"

"Pé ẹ̀gbọ́n rẹ jà fún ọ."

Prudence yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Léontine.  Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àpótí náà, ó fi ìka kan orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, bó ṣe ń kan ọmọrí àmù láti kékeré.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àyè ṣì kù."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ohun tó ń sọ. Gbogbo Ìdí-Oṣè náà sì gbọ́ ọ yé. Àwọn obìnrin kan káwọ́ lérí. Ẹni tó yàgbẹ́ á gbàgbé, àmọ́ ẹni tó kó o kò ní gbàgbé, àwọn ọmọ Àìná sì ti fi ogóje ọdún rántí rẹ̀ lédè tí wọn ò gbọ́.

"A ti gbọ́," ni Bàbá Barnabé wí nígbẹ̀yìn. "Àìná ti dé. A ò ní pè é mọ́."

Wọ́n ń dúró kí ó jókòó. Kò jókòó. Ó gbé àpótí náà, ó fi sí abẹ́ apá. "Ìyá mi ló máa jókòó lé e," ló wí, "nílé tiwa." Crépin ò túmọ̀ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ó ti fi aṣọ ère sílẹ̀ láìfà, ó ń rìn lọ sídìí mọ́tò rẹ̀, kò sì wo ẹ̀yìn. Títí di ọ̀la ọjọ́ náà, aṣọ yẹn ṣì wà lára ère.

Léontine tẹ̀ lé Prudence dé ilé.  Prudence wọlé, ó di àpò rẹ̀, ó jáde. Dípò kó gba ẹnu ọ̀nà, ó lọ sétí kòtò, ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí lábẹ́ apá, ó ń wo ìsàlẹ̀. Ẹni tó ni zẹ́mì ń tẹ fèrè fún un níta.

"Tánti," ló wí, kò gbójú sókè. "Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé àyè kù?"

Léontine lè sọ pé òun ò mọ̀. Ta ló máa já a nírọ́? Ta ló wà níbẹ̀? Ó lè sọ ohun tí Crépin sọ, pé kòtò kéré, kí obìnrin náà fi ìyẹn tu ìyá rẹ̀ nínú. Ó rántí àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀pà tí wọ́n ń jẹ, ọpọ́n ayò tó wà láàárín wọn, ẹsẹ̀ tí wọ́n nà tí kò kan ara wọn.

"Àwa márùn-ún la máa ń jókòó sísàlẹ̀ ibẹ̀, tí a máa ń ta ayò," ló wí. "Àyè kù, ọmọ mi. Ó kù dáadáa."